Kílọ́ọ̀ṣì àti Fuláíwíìlì Píkọ́ọ̀pù: Ohun tí a ó Ṣe Nígbà tí Gíábọ́ọ̀sì bá ti Sọ̀kalẹ̀

Orí yìí wà fún ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù oníkílọ́ọ̀ṣì wá oúnjẹ òòjọ́ ní Kaduna: ẹni tó ń kó iṣu wọ Kawo, ẹni tó ń gbé sìmẹ́ǹtì lọ Rigasa, ẹni tó ń gba ọ̀nà Zaria lọ kó tòmátì. Bóyá ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ náà o, bóyá ẹ kàn fẹ́ dúró ti mẹkáníìkì kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe o, ohun tí ẹ nílò wà níbí. Kò sí awo nínú iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ó wúwo, ó dọ̀tí, ó sì ń fẹ́ sùúrù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe nǹkan létòlétò á ṣe é yọrí.

Èrò kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Wàhálà iṣẹ́ yìí wà nínú sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ àti gbígbé e padà sókè. Bó bá ti wá sílẹ̀, kò mọ́gbọ́n dání kí a pààrọ̀ díìsìkì nìkan, kí a wá fi fuláíwíìlì tó ti jóná sílẹ̀ torí pé ó ṣì ń yí. Díìsìkì tuntun tó bá bá fuláíwíìlì burúkú pàdé kì í pẹ́ kó tó tẹ̀lé e lọ, ẹ óò sì tún sanwó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ̀ tí a ń sọ

Kaduna mọ ọkọ̀. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ bá Peugeot ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn tó bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ PAN, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní Kakuri, lódìkejì odò Kaduna lápá gúúsù. 504 ló sọ ilé iṣẹ́ náà di ìlú mọ̀ọ́ká. Píkọ́ọ̀pù 504, tí Peugeot kọ́kọ́ gbé jáde ní 1979, wà lára ohun tí wọ́n tò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àgbà ìlú yìí ló sì jẹ́ pé ara Peugeot ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Lóde òní, Toyota Hilux ló gba títì.

Ètò kan náà ni méjèèjì ń tò: ẹ́ńjìnnì níwájú, gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀, pùròpẹ́là ló wá ń gbé agbára lọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ṣe pàtàkì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye owó iṣẹ́. Pùròpẹ́là Hilux wà ní gbangba. Ẹ ó tú bóòtù tó so ó mọ́ dífírẹ́ńṣà, àti ti àárín bó bá ní in, ẹ ó fà á jáde, ó parí. Ti 504, inú páìpù irin gbọọrọ ló wà, páìpù yẹn ni wọ́n sì dè mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì. Kí gíábọ́ọ̀sì 504 tó lè sún sẹ́yìn, àfi kí a tú páìpù náà, kí a ti òun àti àsìlì ẹ̀yìn kúrò lọ́nà. Àwọn mẹkáníìkì kan ò tiẹ̀ ní dán ìyẹn wò: ẹ́ńjìnnì ni wọ́n á gbé jáde gba òkè, wọ́n á sì bá kílọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀. Méjèèjì dára. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ 504 á gba àkókò ju ti Hilux lọ, kí ẹ má fi ẹ̀sùn ọ̀lẹ kan ọmọṣẹ́.

Hilux tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ní tirẹ̀ ní pùròpẹ́là méjì àti àpótí gíà kékeré kan lẹ́yìn ti ńlá. Ó wúwo sí i. Ẹ wá èèyàn kún èèyàn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń pa á

Fuláíwíìlì ni irin rìbìtì tó wúwo tí wọ́n dè mọ́ ìdí kíráǹkì. Eyín tí kíìkì sítátà ń gbá mú wà ní etí rẹ̀. Díìsìkì wà láàárín òun àti pẹ̀rẹ́ṣà, sípíríǹgì pẹ̀rẹ́ṣà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ fuláíwíìlì, bí ẹni fi àtẹ́lẹ̀wọ́ méjèèjì há àwo. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì á ti ọ́ìlì lọ bá lówà kílọ́ọ̀ṣì, lówà á ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti bẹ́ríǹgì mọ́ àwọn ìka sípíríǹgì, díìsìkì á sì bọ́ lómìnira. Bí ẹ bá wá ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, díìsìkì á kọ́kọ́ yọ̀ lójú irin kí irin tó dì í mú. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń yọ̀ yẹn ni ooru fi ń jáde, ooru yẹn ló sì ń jẹ gbogbo wọn.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá mú kí yíyọ̀ náà pẹ́ ló ń pa kílọ́ọ̀ṣì. Ẹrù àpọ̀jù ni olórí wọn. Awakọ̀ tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò bíréèkì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó máa ń gbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dàlì nínú gosíló títí ọ̀nà á fi là. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko máa ń gbé táyà mì, awakọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíà kìíní àti rìfáàsì jà á. Wákàtí kan nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ohun tí oṣù púpọ̀ lórí ọ̀dà ò ní gbà.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó tú u

Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ló ti sọ̀kalẹ̀ lásán nítorí pé ẹnikẹ́ni ò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti yẹ ọkọ̀ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyọ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú. Ẹ fa háńbíréèkì gírígírí, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, ẹ fún ẹ́ńjìnnì lépo díẹ̀, kí ẹ sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì tó lera á pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ké tí ọkọ̀ ò mira, díìsìkì ti tán, tàbí kí ọ́ìlì ti bà á. Ẹ̀ẹ̀kan tó: ìdánwò yìí fúnra rẹ̀ ń jó o.

Bó bá jẹ́ pé gíà ló ń ké kó tó wọlé, pàápàá rìfáàsì, ẹ má tíì dá díìsìkì lẹ́jọ́. Ẹ ṣí agolo ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì wò. Ẹ ká róbà ẹnu lówà kílọ́ọ̀ṣì sókè. Bí inú rẹ̀ bá tutù, ó ń jò. Ẹ wo ìdí ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀, lókè pẹ́dàlì, bóyá ọ́ìlì ti ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àìsàn ọ́pà àti lówà kò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì.

Ariwo náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ pẹ́dàlì ló bẹ̀rẹ̀, bẹ́ríǹgì kílọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló dákẹ́, ẹ wo bẹ́ríǹgì iwájú nínú gíábọ́ọ̀sì, iṣẹ́ mìíràn pátápátá sì nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ohun mẹ́ta ló lè fà á: síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti já, ọ́ìlì tó ti kan díìsìkì, tàbí fuláíwíìlì tí ooru ti bà jẹ́. Síìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò torí òun ló rọrùn jù.

Rírà nǹkan ní ọjà Panteka

Ẹ ra nǹkan wọ̀nyí kí ọkọ̀ tó gun jáàkì: díìsìkì, pẹ̀rẹ́ṣà àti bẹ́ríǹgì kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sábà ń tà pa pọ̀ nínú páálí kan, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì, ọ́ìlì síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì, bẹ́ríǹgì kékeré tó wà ní ìdí kíráǹkì, tí imú ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ń wọ̀, ọ́ìlì bíréèkì àti ọ́ìlì gíà. Owó síìlì méjèèjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n lè bà jẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ torí pé wọn ò tíì jò kò fẹ́ ire fún yín.

Orúkọ tó wà lára páálí kò tó. Valeo máa ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì fún Peugeot, Aisin àti Exedy ń ṣe fún Toyota, orúkọ wọ̀nyí gan-an ni àwọn ayédèrú sì ń tẹ̀ sára páálí. Ẹ tú u wò lójú oníṣọ́ọ̀bù. Kí orí gbogbo ìka sípíríǹgì dọ́gba. Kí sípíríǹgì kéékèèké tó wà láàárín díìsìkì má ṣe máa mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Kí orí rífẹ́ẹ̀tì wọlé jìnnà sí ojú líníìnì tó bo díìsìkì. Bí ẹ bá ní díìsìkì àtijọ́, ẹ gbé e dání, ẹ ka eyín inú rẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo bí àárín rẹ̀ ṣe yọ sí. Ẹ́ńjìnnì Hilux kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, díìsìkì wọn kò sì dọ́gba, nítorí náà nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi ra ọjà, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo gbà kí èèyàn ra fuláíwíìlì tòkunbọ̀, bó bá yege nínú àyẹ̀wò tí mo máa sọ níwájú. Díìsìkì tòkunbọ̀, rárá. Bẹ́ríǹgì tòkunbọ̀, rárá. Díìsìkì tí wọ́n fi líníìnì tuntun kàn padà lè sin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, ṣùgbọ́n fún píkọ́ọ̀pù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì, mi ò ní fi orúkọ mi sí i.

Sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀

Ẹ tú wáyà nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Wáyà ńlá tó wà lára kíìkì sítátà kò ní fíùsì lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sípánà tó bá sì gbé e kan irin á ta iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì fi sítáǹdì irin tàbí igi líle tó fẹ̀ gbè é sábẹ́ férémù lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ wá fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà kí orí yín tó wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé máa ń fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀; ẹ má lò ó láéláé. Ẹ fi òkúta sẹ́nu táyà tó wà nílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí eruku tó bá já sínú bẹ́ríǹgì tuntun kò ní jáde mọ́.

Inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti yọ ọ̀pá gíà. Lábẹ́, ẹ fa ọ́ìlì gíà dànù sínú bẹ́séénì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí pùròpẹ́là ti pàdé dífírẹ́ńṣà kó lè padà sí ojú rẹ̀ gan-an, kí ẹ tó tú u. Lówà kílọ́ọ̀ṣì Hilux, bóòtù méjì ló dè é. Ẹ tú u láìtú páìpù rẹ̀, ẹ fi wáyà so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ pẹ́dàlì láti ìgbà yẹn lọ, torí pé písítìnì inú rẹ̀ á fò jáde. Ẹ yọ kíìkì sítátà, wáyà iná rìfáàsì, okùn sípíìdómítà, àti sáléńsà bó bá dínà.

Ẹ gbé jáàkì kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi pákó sáàárín kó má baà lu sọ́ọ̀mpù, kí ẹ gbé jáàkì kejì sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ tó tú síìtì gíábọ́ọ̀sì. Bóòtù tó yí ilé kílọ́ọ̀ṣì ká kò gùn dọ́gba. Ẹ ya àwòrán ilé náà sórí páálí, kí ẹ gún bóòtù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá rẹ́rìn-ín yín nítorí èyí á dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá bóòtù gígùn lálẹ́.

Ẹ fa gíábọ́ọ̀sì sẹ́yìn gbọọrọ, kó má tẹ̀ sísàlẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ nìyí: gíábọ́ọ̀sì máa ń wúwo ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè dá gbé lọ, bí wọ́n bá sì jẹ́ kó fi imú ọ̀pá rẹ̀ rọ̀ sínú díìsìkì, àárín díìsìkì á tẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ń yọ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ burú, torí díìsìkì àtijọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá a padà, tuntun lẹ máa bà jẹ́.

Pẹ̀rẹ́ṣà ló kù. Ẹ tú bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra, ìlàjì yíyí kan fún ìkọ̀ọ̀kan, títí sípíríǹgì á fi dẹ̀. Eruku dúdú tó máa bá yín pàdé níbẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, torí líníìnì ayé àtijọ́ ní asbestos nínú, òmíràn sì ṣì wà lórí ọkọ̀ àti nínú ọjà. Ẹ má fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu, ẹ má fi páńpù afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ẹjọ́ fuláíwíìlì

Ẹ má kánjú níbí. Ẹ tú fuláíwíìlì kúrò lára kíráǹkì, ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn wà, kí ẹ wò ó dáadáa.

Ojú tó dára máa ń dán dọ́gbadọ́gba, ó sì máa ń rí bí eérú díẹ̀. Àpá aró tàbí dúdú túmọ̀ sí pé ooru ti dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ibi tó ti di aró yẹn ti le ju irin tó yí i ká lọ, torí ooru gbóná gan-an ti sè é, irin tútù tó kù sì tètè mú un tutù. Bí tọ́nà bá gbé e sórí lẹ́ẹ̀tì, irin gígé máa ń fo ibi líle náà, ó sì máa ń fi òkè kékeré sílẹ̀. Ojú á dán, ẹ óò yọ̀, ṣùgbọ́n òkè náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ á sì tún máa gbọ̀n. Òkúta ìlọ̀ ló ń mú ibi líle dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tọ́nà Panteka, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń lọ irin, tàbí lẹ́ẹ̀tì nìkan? Bí àpá aró bá pọ̀, tí lẹ́ẹ̀tì nìkan ló sì wà, ẹ wá fuláíwíìlì mìíràn.

Sísán wẹ́wẹ́ tó dà bí irun, tó wà lójú irin nìkan, lè lọ nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Sísán tó bá wọnú, tàbí èyí tó dé etí tàbí ihò bóòtù, ó parí. Fuláíwíìlì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ awakọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá fọ́ lórí eré, ilé kílọ́ọ̀ṣì kò lè gbà á dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú wẹ́dà.

Toyota kì í gbà kí fuláíwíìlì yẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ìyẹn 0.1, bí a bá ń yí i lára kíráǹkì tí a sì gbé géèjì kan ojú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ní géèjì yẹn kò pọ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ṣáà gbé e fún tọ́nà, òun á rí i lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí tọ́nà tí kò mọ ọkọ̀ máa ń gbàgbé. Ojú fuláíwíìlì kan tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ òmíràn ní etí tó ga, orí etí yẹn ni wọ́n sì ń de pẹ̀rẹ́ṣà mọ́. Bí wọ́n bá lọ àárín nìkan, pẹ̀rẹ́ṣà á jìnnà sí díìsìkì, agbára ìtẹ̀mọ́ á dín kù, kílọ́ọ̀ṣì tuntun á sì máa yọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Iye tí wọ́n bá gé láàárín, iye yẹn gan-an ni kí wọ́n gé lórí etí. Kí wọ́n sì gé ìwọ̀nba tó bá pọn dandan. Fuláíwíìlì tó bá tín-ín-rín jù kì í lè gbé ooru.

Eyín etí rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n kì í gbó yíká. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin sábà máa ń kú sí ojú méjì kan náà, ojú méjèèjì yẹn ni kíìkì sítátà ń jẹ. Òrùka eléyín náà dá dúró. Wọ́n fi ooru wọ̀ ọ́ sára fuláíwíìlì ni. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè gbá ti àtijọ́ bọ́, kó mú tuntun gbóná títí á fi fẹ̀, kó sì jẹ́ kó jókòó fúnra rẹ̀. Èyí sàn ju kí wọ́n máa fi wẹ́dà kọ́ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn píkọ́ọ̀pù dísù ìgbàlódé kan, bíi Ford Ranger 3.2 àti Nissan Navara D40, ní fuláíwíìlì alápá méjì tó ní sípíríǹgì nínú. LuK ti ilẹ̀ Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún ọjà ní 1985. Wọn kì í lọ èyí, wọn kì í gé e. Bí apá méjèèjì bá ń mì síra wọn ju bí ìwé ọkọ̀ ṣe gbà lọ, tàbí tí gíríìsì ń jáde láàárín, odindi rẹ̀ ni a ń pààrọ̀. Ó wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi alápá kan rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbọ̀n dísù tí sípíríǹgì ń gbé tẹ́lẹ̀ á lọ sórí gíábọ́ọ̀sì.

Dídá gbogbo rẹ̀ padà

Nígbà tí fuláíwíìlì bá wà lọ́dọ̀ tọ́nà, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì. Fún bẹ́ríǹgì kékeré ìdí kíráǹkì, ẹ fi gíríìsì kún ihò rẹ̀, ẹ wá irin tó ṣe déédéé ihò náà, kí ẹ fi òlù gbá a wọlé: gíríìsì á ti bẹ́ríǹgì jáde.

Ihò fuláíwíìlì lè má dọ́gba yíká, kó lè jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló máa bọ́ sí. Ẹ yí i títí gbogbo ihò á fi kojú ara wọn. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní bóòtù tuntun, ẹ ra bóòtù tuntun. Ẹ fún wọn ní ìdojúkọra pẹ̀lú tọ́ọ̀kì sípánà, ní iye tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín kọ. "Mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́" kì í ṣe ìwọ̀n. Tí ẹ ò bá ní tọ́ọ̀kì sípánà, ẹ háyà rẹ̀ fún ọjọ́ yìí nìkan.

Ẹ fi pẹtiróòlù díẹ̀ nu ojú fuláíwíìlì àti ojú pẹ̀rẹ́ṣà tuntun, jìnnà sí iná, torí ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ọwọ́ ọlọ́ìlì má kan ibẹ̀ mọ́. Díìsìkì ní ojú tó kọ sí fuláíwíìlì, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sódì, kílọ́ọ̀ṣì kò ní já. Láti mú un dúró láàárín gan-an, ẹ wá ọ̀pá iwájú gíábọ́ọ̀sì kan tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin, irú tí eyín rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu. Ẹ má yọ ọ́ kí ẹ tó fún bóòtù pẹ̀rẹ́ṣà tán, díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 19 Newton-mítà, èyí tó kéré púpọ̀ sí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára máa ń fún un.

Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa eyín ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì àti ibi tí fọ́ọ̀kì ń jókòó lé, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Gíríìsì tó bá pọ̀ á fò lọ bá líníìnì. Ẹ fi gíábọ́ọ̀sì sí gíà kan, ẹ gbé e sókè gbọọrọ, kí ẹnì kan máa yí ìdí rẹ̀ títí eyín á fi wọ eyín. Bí àlàfo bá kù láàárín ilé kílọ́ọ̀ṣì àti ẹ́ńjìnnì, nǹkan kan kò tọ́. Ẹ má fi bóòtù fà á wọlé. Etí gíábọ́ọ̀sì á ya, ohun tí ẹ ò bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tún ṣe á wá di gíábọ́ọ̀sì mìíràn.

Ní ti ọ́ìlì, ẹ ka ìwé. Gíábọ́ọ̀sì Hilux sábà máa ń gba ọ́ìlì gíà 75W-90. Ti 504 yàtọ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni Peugeot ṣe é fún, ẹni tó bá dà á ní ọ́ìlì gíà tó nípọn á máa bá ọ̀pá gíà jà láàárọ̀ ọyẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì nìkan ló ń wọ agolo kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ á wú róbà ọ́pà àti lówà. Bí páìpù bá ti ṣí, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde: ẹnì kan á tẹ pẹ́dàlì mú, ẹnì kejì á ṣí nọ́ọ̀tì lówà, á sì dé e kí pẹ́dàlì tó gòkè, títí ọ́ìlì á fi máa jáde láìhó. Ẹ yẹ eré ọ̀fẹ́ pẹ́dàlì wò, ìyẹn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan. Ti Hilux wà láàárín mìlímítà 5 sí 15. Pẹ́dàlì tí kò ní eré ọ̀fẹ́ rárá ń tẹ bẹ́ríǹgì mọ́ sípíríǹgì ní gbogbo ìgbà.

Ní nǹkan bí 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹrù tó kún ọkọ̀, kí ojú díìsìkì àti ojú irin lè mọ ara wọn. Òórùn jíjó díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kì í ṣe ohun ìyanu; bó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ padà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọ́ìlì bá ń kán níbẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀: ọ́ìlì gíà ń rùn bí imí ọjọ́, ti ẹ́ńjìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára Hilux, ìyẹn á sọ fún yín síìlì tí wọn ò wọ̀ dáadáa.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí mẹkáníìkì kó díìsìkì, pẹ̀rẹ́ṣà, bẹ́ríǹgì àti síìlì àtijọ́ méjèèjì fún yín. Bó bá pààrọ̀ wọn lóòótọ́, wọ́n á wà nílẹ̀ níbẹ̀.